Ẹ̀ka Igi Inú Kòtò

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ọkọ̀, ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ààrò, ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná nítorí tiwa. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gbogbo wa ló kàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ta ni kò tíì rí i rí? Ẹ ń bọ̀ lójú títì, ẹ ṣàdéédéé rí ẹ̀ka igi kan tó dúró láàárín ọ̀nà, ewé rẹ̀ ṣì tutù. Kò sí ẹni tí yóò rò pé igi ló hù láti inú ọ̀dà. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n: kòtò wà níbẹ̀, ẹ yà fún un. Níbòmíràn, táyà tó ti gbó ni wọ́n á gbé lé e. Níbòmíràn, àga tó ti kán lẹ́sẹ̀ ni, tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so àkísà pupa mọ́ lórí.

Àrokò ni. Àwọn baba ńlá wa mọ àrokò í pa. Wọ́n á di owó ẹyọ pọ̀, wọ́n á fi ìyẹ́ ẹyẹ sí i, wọ́n á gbé e fún ìránṣẹ́, ẹni tí wọ́n fi rán sí á sì mọ ohun tí wọ́n ń wí láìsí pé ẹnikẹ́ni lanu. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan nínú àrokò: ó ní ẹni tó fi ránṣẹ́, ó sì ní ẹni tí wọ́n fi rán sí. Ẹ̀ka igi tó wà nínú kòtò yìí ńkọ́, ta la fi rán sí? Awakọ̀ la fi rán sí. Ọlọ́kadà la fi rán sí, àti ọmọ ilé ìwé, àti ìyá tó ru igbá. Gbogbo wa là ń pàrokò sí ara wa. Ẹni tí ọ̀dà àti ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí àrokò kankan gbà. Ẹ̀ka yẹn á rọ, a ó ṣẹ́ òmíràn. Òmíràn á rọ, kòtò á máa fẹ̀, títí ẹ̀ka igi kò fi ní tó o mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àdúgbò wa fún yín.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, siláàbù tó bo gọ́tà ní ìkóríta wa, níhìn-ín n'Ìbàdàn, dá sí méjì. Ọkọ̀ tó gbé yanrìn ló gùn ún. Gọ́tà náà jìn tó àyà ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá tó ń dín àkàrà níbẹ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka dóńgóyárò, ó kì í bọ ihò náà. Bí iṣẹ́ ṣe parí nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní àdúgbò tiwa, ẹni mẹ́rin ló jìn sí kòtò kan náà kí ọgbọ́n tó dé. Ọlọ́kadà kan ló kọ́kọ́ kó sí i, lálẹ́ ọjọ́ òjò. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tí wọ́n rán lọ ra omi inú ọ̀rá. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá oníbúrẹ́dì, tòun ti ọpọ́n rẹ̀. Ẹni kẹrin ni èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Iná ti lọ, mo ń tẹ fóònù bọ̀ lọ́nà, ẹsẹ̀ òsì mi sì wọlé sínú rẹ̀ dé itan. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tiro.

Kí ni a wá ń ṣe ní gbogbo ìgbà náà? A ń sọ̀rọ̀. Ẹnu wa kò dákẹ́ rárá. A sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. A sọ ọ́ nídìí ìwé ìròyìn. A sọ ọ́ ní ìpàdé onílé títí ìpàdé fi tú. "Ìjọba yìí ò dáa." "Wọ́n ti kó owó ọ̀nà jẹ." "Nàìjíríà nìyẹn." Oṣù mẹ́jọ gbáko la fi sọ ọ́. Kò sí ẹnu kan ní àdúgbò wa tí kò mọ̀ nípa kòtò náà. Ẹ wá gbọ́ eléyìí: láti ibi kòtò yẹn sí ọ́fíìsì káńsù, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kò sì sí ẹyọ ìlà kan nínú ìwé wọn tó sọ pé siláàbù kan dá níbì kankan.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá P.W.D. Ẹ̀yin tí ọjọ́ orí yín ti lọ díẹ̀ mọ ohun tí lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún: ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà, tó sì ń tún un ṣe láyé àwọn òyìnbó àti lẹ́yìn wọn. Ibẹ̀ ni bàbá náà ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó wá kí mi nígbà tí mo na ẹsẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Ṣé o ti kọ ọ́?"

Mo ní, "Bàbá, kí ni kí n kọ?"

Ó ní, "Kòtò tó o kó sí ni."

Bàbá wá jókòó, ó sì kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ fi kọ́ ẹ̀yin náà lónìí. Ó ní nígbà tiwọn, ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí ọ̀nà tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Olórí wọn á máa rìn ín pẹ̀lú ìwé pélébé nínú àpò. Ibi tí àgbàrá bá ti gé etí ọ̀nà, ó kọ ọ́. Ibi tí afárá bá ti ń mì, ó kọ ọ́. Ìwé yẹn ló ń lọ sí ọ́fíìsì, ìwé yẹn ni wọ́n fi ń béèrè ọ̀dà àti òkúta. Lẹ́yìn náà ló wá sọ gbólóhùn tí n kò lè gbàgbé: "A kì í dí kòtò tí kò sí nínú ìwé. Ọ̀dà, owó ni. Lébìrà, owó ni. Ọkọ̀ tí yóò gbé wọn, owó ni. Ta ni yóò fọwọ́ sí owó fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ́fíìsì kò ní etí. Fáìlì ló ní. Ohun tí a bá sọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, irun ni wọ́n máa ń gbá a mọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ó dáa. Bí a bá fẹ́ kọ ọ́, ta la ó kọ ọ́ sí? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. A máa ń rò pé ẹni kan ṣoṣo ni "ìjọba". Ìjọba mẹ́ta ló pín ọ̀nà Nàìjíríà láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá so gbogbo ọ̀nà ilẹ̀ yìí pọ̀, iye tí wọ́n sábà máa ń pè é ni nǹkan bí 195,000 kìlómítà. Ìjọba àpapọ̀ ló ni bí 32,000. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni bí 31,000. Nǹkan bí 132,000 tó kù, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ín. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí ẹ bá rí ọ̀nà mẹ́ta, méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ti káńsù. Síbẹ̀, bí gálọ́ọ̀pù bá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, Ààrẹ l'Ábújá là ń bú.

Báwo la ó ṣe mọ tẹni tó jẹ́? Ọ̀nà márosẹ̀ tó so ìpínlẹ̀ mọ́ ìpínlẹ̀, bí i ti Èkó sí Ìbàdàn, tàbí Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Àjọ FERMA, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2002, ló ń bójú tó àtúnṣe wọn. Àwọn òpópónà ńláńlá inú ìlú, ìpínlẹ̀ ló ni púpọ̀ nínú wọn. Ní Ọ̀yọ́, àjọ tó ń tún ọ̀nà ìpínlẹ̀ ṣe ni OYSROMA. L'Ékòó, LSPWC ni. Àwọn ọ̀nà inú àdúgbò, àwọn tó gba iwájú ilé èmi àti ẹ̀yin kọjá, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ẹnu mi kọ́ ló ti jáde o. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ló to iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ: ọ̀nà àti òpópónà, iná òpópónà, gọ́tà, ọgbà ìtura. Kódà, fífún òpópónà lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà, iṣẹ́ wọn ni.

Ìbàdàn nìkan ní ìjọba ìbílẹ̀ 11. Ẹ lè sọdá títì kan ṣoṣo kí ẹ ti bọ́ sí káńsù mìíràn. Èkó ní 20, ó sì tún ní ìjọba ìdàgbàsókè 37 lórí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, tàbí lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé: títì yìí, ta ló ni ín? Lẹ́tà tó bá ṣi ilé wọ̀, tábìlì kan ni yóò sùn lé.

Ẹ gbé bírò, a fẹ́ kọ ọ́ báyìí. Lẹ́tà ẹ̀sùn ọ̀nà kò fẹ́ gírámà. Kò fẹ́ èébú. Ohun márùn-ún ló fẹ́.

Èkíní ni ibi tí ó wà. Ẹ má kọ "ní àdúgbò wa". Orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ilé tó kọjú sí i. Bí ilé kò bá ní nọ́ńbà, ẹ kọ ohun tí àlejò lè rí: láàárín mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, ní apá ọ̀tún bí èèyàn bá ń lọ sí ọjà.

Èkejì ni bí ó ṣe tó. "Kòtò ńlá" kò tó. Ńlá ta ni? Ẹ fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n. Bí kò bá sí téèpù, ẹ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó fẹ̀ ní mẹ́rin, ó jìn dé orúnkún. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi bàtà tàbí agbòjò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lè mọ bí ó ṣe tó. Ẹ ya ọ̀kan ní ìsúnmọ́, kí ẹ tún sún sẹ́yìn ya òmíràn tí yóò gbé ilé àti àmì àdúgbò.

Ẹ̀kẹta ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó fà á, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ló fọ́ ọ ni? Omi ló jẹ ẹ́ ni? Àwọn tó wá ri páìpù ni wọ́n gbẹ́ ẹ tí wọn kò dí i? Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé kòtò tí omi ń jẹ lábẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá da ọ̀dà lé e lónìí, á tún là lọ́la. Bí wọ́n bá mọ ìdí rẹ̀, wọ́n á mọ ẹni tí wọn yóò rán wá.

Ẹ̀kẹrin ni ìpalára tó ti ṣe. Ẹni mélòó ló ti ṣubú? Ọjọ́ wo? Ilé ìwé wà nítòsí ni? Àwọn arúgbó ń gba ibẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn? Ẹ má fi ẹyọ kan lé e. Lẹ́tà tó bá parọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tí yóò ka èkejì.

Ìkarùn-ún ni ohun tí ẹ ń fẹ́. Ẹ sọ ọ́ ní ìlà kan. Ẹ pààrọ̀ siláàbù yìí. Ẹ tan iná yìí. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ilé ìwé àti ọ̀rọ̀ ọjà kún un. Kòtò kan, lẹ́tà kan.

Bí tiwa ṣe lọ nìyí: "Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀, nípasẹ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Siláàbù gọ́tà tó wà ní ìkóríta wa, níwájú ilé alákàrà, ti dá sí méjì láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ihò náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó fẹ̀ ní méjì, ó sì jìn ní mẹ́rin. Ẹni mẹ́rin ló ti kó sí i, ọmọdé kan wà nínú wọn. Àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń gba ibẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. A bẹ̀ yín kí ẹ da siláàbù tuntun sí i. Fọ́tò méjì wà nínú àpòòwé yìí." Ó parí. Ẹni tó bá ń kà á kò ní sinmi kó tó kà á tán.

Ẹ lè fi Yorùbá kọ ọ́ o. Ìjọba ìbílẹ̀ la ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe Lọ́ńdọ́nù. Ta ni yóò fọwọ́ sí i? Ẹ má dá a fọwọ́ sí bí ẹ bá lè rí ẹlòmíràn. Alága onílé, ìyálọ́jà, lèmọ́mù, pásítọ̀, alága àwọn ọlọ́kadà. Bí orúkọ mẹ́wàá bá wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ọ̀tá ìjọba kan ló kọ ọ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà: ẹ mú ẹ̀dà méjì dání lọ. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìkejì, ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹni tó gbà á sì fọwọ́ sí i. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, bí ẹ bá padà lọ, wọ́n á ní, "A ò rí lẹ́tà kankan." Lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀, àwọn ni yóò máa wá a.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a padà lọ. Wọ́n ní àwọn kò rí fáìlì. A yọ ẹ̀dà tiwa jáde, òǹtẹ̀ pupa ń wò wọ́n lójú. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà nídìí tábìlì dìde, ó wọ yàrá kan lọ, fáìlì sì jáde. A kò jà, a kò pariwo. A béèrè ọjọ́ tí a ó tún padà wá, a kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà kẹta tí a lọ, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ òde ló tẹ̀lé wa wá pẹ̀lú téèpù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje tí a kọ́kọ́ fi lẹ́tà sílẹ̀, wọ́n da siláàbù tuntun. Oṣù mẹ́jọ la fi ráhùn. Ọ̀sẹ̀ méje ni lẹ́tà fi ṣiṣẹ́.

N kò ní purọ́ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa ń rí. Iná òpópónà tí a kọ̀wé lé lórí lẹ́yìn ìyẹn, kò tíì tàn títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà lórí rẹ̀, a ṣì ń lọ.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun lè máa rẹ́rìn-ín sí wa. Níbẹ̀, fóònù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà 311 lọ́dún 1996, kí àwọn èèyàn yé fi ọ̀rọ̀ kòtò àti ìdọ̀tí dí nọ́ńbà 911 tí wọ́n fi ń pe ọlọ́pàá. New York gba tirẹ̀ ní 2003. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2007, ìkànnì kan wà tí wọ́n ń pè ní FixMyStreet. Ẹni tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ́nù á fi ìka tẹ ibi tí kòtò wà lórí àwòrán ìlú, ìkànnì náà á sì wá káńsù tó ni ibẹ̀ rí, á fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí i. Ohun tí Bàbá P.W.D. sọ náà ni wọ́n ń ṣe o, ìwé pélébé àpò ló di fóònù.

Ṣùgbọ́n ìtàn New York kan wà tó dùn mọ́ mi jù wọ́n lọ. Lọ́dún 1979, ìlú yẹn ṣe òfin kan: bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú sí kòtò tàbí ibi tó fọ́ lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kò lè gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ìjọba ìlú àfi bí ẹnìkan bá ti kọ̀wé sọ fún wọn nípa ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọjọ́ 15 sì ti kọjá tí wọn kò tún un ṣe. Ìjọba rò pé àwọn ti bọ́. Ta ni yóò jókòó máa kọ̀wé nípa gbogbo ibi tó fọ́ ní New York? Ní 1982, àwọn agbẹjọ́rò dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀. Wọ́n rán àwọn èèyàn jáde pé kí wọ́n máa rin òpópónà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi àmì sí gbogbo ihò àti gbogbo siláàbù tó là lórí àwòrán ìlú. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀, wọ́n lọ fi lé ìjọba lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, gbólóhùn "a ò mọ̀" di ohun tó ṣòro í sọ. Ẹ wá rí agbára ìwé. Ihò tó wà lánàá náà ló wà lónìí, ọ̀tọ̀ ni ihò tí ìjọba kò gbọ́ nípa rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n ti gbà ní ìwé.

Àwa náà ní òfin tiwa. Òfin òmìnira láti gba ìròyìn ti wà láti ọdún 2011. Ó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba pé: èló lẹ yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà wọ́ọ̀dù wa lọ́dún yìí, ta lẹ gbé iṣẹ́ fún? Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí tún dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ gan-an. Bí ìyẹn ṣe ń lọ sí, ẹ̀yin náà ń gbọ́ nínú ìròyìn. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, tí kò béèrè, tí ó jókòó sídìí ìwé ìròyìn tó ń bú èèyàn, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń dùn ún.

Àwọn ewu kan wà tí kò ṣe é dúró de lẹ́tà o. Bí wáyà iná bá já sílẹ̀, ẹ má fi igi kàn án, pàápàá bí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, ẹ pe ilé iṣẹ́ iná. Bí afárá bá já, bí ọkọ̀ agbépo bá dànù, ẹ pe 112. L'Ékòó, ẹ lè pe 767. Ní Ọ̀yọ́, 615. Bí jàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Ẹ kọ wọ́n sára ògiri ilé yín lálẹ́ òní.

Kí n tó lọ, ẹ jẹ́ kí n fa ara wa létí. Kì í ṣe ìjọba ló ń yọ irin inú siláàbù lọ tà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin lóru. Àwa ni. Àwa la ń mọ bọ́ǹpù sójú ọ̀nà bí ẹni mọ odi, láìgba àṣẹ, tí ọlọ́kadà sì ń tipa bẹ́ẹ̀ fò ṣubú. Àwa la ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà lọ́jọ́ òjò, tí a ń sọ pé àgbàrá á gbé e lọ. Ibo ni yóò gbé e lọ? Ìbàdàn kò lè gbàgbé Ògùnpa, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, kò sì lè gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ilé lọ, ọjà lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí bá omi lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà pé gọ́tà dí, kó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Láyé àwọn baba wa, bí igbó bá bo ọ̀nà oko, baálẹ̀ á ní kí wọ́n lu agogo, gbogbo ọkùnrin ìlú á kó àdá jáde lọ yẹ̀nà. Ọ̀nà oko ni ìyẹn, àdá tó o. Ọ̀dà òde òní, àdá kò ràn án. Ṣùgbọ́n agogo yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wa. Bírò ni, ìwé ni, òǹtẹ̀ ni.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún yín nìyí. Bí ẹ bá jáde lọ́la, tí ẹ rí ẹ̀ka igi nínú kòtò, ẹ má kàn yà fún un kí ẹ kọjá lọ. Ẹni tó ṣẹ́ ẹ̀ka yẹn ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún yín. Ẹ dúró, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ya á ní fọ́tò, ẹ béèrè ẹni tó ni títì náà, ẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ bọ̀. Bí wọ́n bá tún un ṣe, ẹ tún kọ̀wé dúpẹ́. Bí wọn kò bá tún un ṣe, ẹ padà lọ.

Bàbá P.W.D. ti sọ ọ́: a kì í dí kòtò tí kò sí nínú ìwé. Ẹ kọ tiyín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.